Àlọ́ Yorùbá Nínú Àtòjọ Ilé-Ìkàwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ìgbà tí a ti ń kọ̀wé lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, àlọ́ ti rí ìpín tirẹ̀ gbà. A ti wo ìwà Ìjàpá, a ti wo ẹ̀kọ́ tí àlọ́ ń kọ́ ọmọdé, a sì ti jiyàn púpọ̀ lórí orin àti ègbè inú rẹ̀. Ohun kan ṣẹ́kù tí àwa lámèyítọ́ kò kà sí iṣẹ́ tiwa, òun ni ibi tí a ń kó àlọ́ pamọ́ sí àti orúkọ tí a fi ń kó o pamọ́. Iṣẹ́ olùtọ́jú ìwé ni a ka èyí sí. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ilé-ìkàwé ńláńlá ti ń ya àwòrán ìwé àtijọ́ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni ó lè fojú kàn án tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣí i wò lónìí ní Ìkirè tàbí ní Kétu bí ó bá ní ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kí ó tó rí àlọ́, àtòjọ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Àtòjọ ni yóò sọ fún un pé àlọ́ wà tàbí pé kò sí, pé ti Yorùbá ni tàbí ti Nàìjíríà lásán, pé eré ọmọdé ni tàbí pé lítíréṣọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú ìdájọ́ báyìí, lámèyítọ́ ni, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ka àtòjọ náà bí a ti ń ka iṣẹ́ lámèyítọ́ yòówù, kí a sì sọ ibi tí ó ti gbọ́ àlọ́ yé àti ibi tí ó ti ṣì í gbọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nílẹ̀. Ìwé tí A. B. Ellis kọ lórí àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1894. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ni Ellis, kì í ṣe onímọ̀ lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún òwe àti àlọ́ nínú ìwé rẹ̀. M. I. Ogumefu tẹ Yoruba Legends jáde ní 1929. Lẹ́yìn èyí ni Folk Tales and Fables ti Phebean Itayemi àti P. Gurrey ní 1953, Nigerian Folk Tales ti Barbara àti Warren Walker ní 1961, Fourteen Hundred Cowries ti Abayomi Fuja ní 1962, àti Olode the Hunter ti Harold Courlander àti Ezekiel Eshugbayi ní 1968. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo wọn. Ní 1973 ni Adébóyè Babalọlá gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, Apá Kìíní, jáde ní èdè Yorùbá. Ní 1997, Oyekan Owomoyela tún kó àlọ́ Àjàpá jọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìwé Ellis àti ti Ogumefu ti wà fún kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Ellis wà nínú Internet Archive, ilé-ìkàwé orí ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996. Àwọn ìwé tí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, nítorí náà orúkọ wọn ni a sábà máa ń rí nínú àtòjọ, a kì í sì rí inú wọn. Èyí já sí pé ìgbà tí ìwé bá súnmọ́ ẹnu ọjà àwọn Òyìnbó ayé Ìjọba Fikitóríà ni ó rọrùn jù láti rí kà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tí a fi ń to ìwé. Ètò tí Melvil Dewey gbé kalẹ̀ ní 1876 ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ṣì ń lò títí di òní. Nínú ètò yìí, 398 ni ti àṣà àtẹnudẹ́nu. Lábẹ́ rẹ̀, a fi 398.2 fún ìtàn tí a ń sọ lẹ́nu, a fi 398.6 fún àlọ́ àpamọ̀, a sì fi 398.9 fún òwe. Ní ojú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ètò yìí mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe. Yorùbá ní àlọ́ àpamọ̀, wọ́n sì ní àlọ́ àpagbè; orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ìpè kan náà ni a fi ń ṣí wọn, ìdáhùn kan náà ni àwọn ọmọ fi ń gbà wọ́n. Ní alẹ́, àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń tají ọpọlọ àwọn ọmọdé kí a tó mú àlọ́ àpagbè wá. Eré kan ni. Dewey mú ọ̀bẹ, ó là á sí méjì, ó gbé apá kan sí 398.2, ó sì gbé apá kejì sí 398.6.

Ó tún ṣe òdìkejì rẹ̀. Yorùbá ya ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àlọ́. Ohun tí a gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni ìtàn. A lè fi í jẹ́rìí nígbà tí ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà oyè bá délẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbé àlọ́ Ìjàpá lọ sí ààfin láti fi gba oko baba rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 398.2 gba àwọn méjèèjì mọ́ra láìwo ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí Yorùbá so pọ̀, ó tú u. Ohun tí Yorùbá tú, ó so ó pọ̀. Ètò ti Library of Congress ní Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀ pẹ̀lú: ìwé àlọ́ lè bọ́ sí abẹ́ GR gẹ́gẹ́ bí àṣà àtẹnudẹ́nu, ó sì lè bọ́ sí abẹ́ PL gẹ́gẹ́ bí èdè àti lítíréṣọ̀. Àlọ́ kan náà lè wá di àṣà bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́, kí ó sì di lítíréṣọ̀ bí a bá fi Yorùbá tẹ̀ ẹ́. Èyí gan-an kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ pọ́n èdè wa lé láìmọ̀.

Ìwé Ogumefu jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Ìtàn bí ìjọba àwọn Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìtàn Mọ́remí wà níbẹ̀, Olúrónbí náà sì wà níbẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ṣì ń ṣe ọdún Ẹdì, wọ́n sì ń fi rántí Mọ́remí. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí yóò jẹ́ kí o pe Mọ́remí ní àlọ́ lójú òun. Ṣùgbọ́n Olúrónbí tí ó fi ọmọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ìrókò, inú àlọ́ ni gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n, orin ni a sì fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó bo àwọn méjèèjì nínú àkọlé ìwé náà. A kò fi èyí bú Ogumefu: ẹni tí ó ń kọ̀wé fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ní 1929 gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ pè wọ́n. Àtòjọ ni ó yẹ kí ó ṣe ìyàtọ̀ náà. Kò sì lè ṣe é, nítorí pé ìwé ni ó ń kà, kì í ka àlọ́. Àkọsílẹ̀ kan fún ìwé kan ni òfin rẹ̀. Ogójì àlọ́ lè wà nínú ìwé kan, kí àtòjọ má sì mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá wá Olúrónbí lọ sínú àtòjọ lásán yóò padà lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ Olúrónbí jókòó sínú ìwé tí àtòjọ ní lọ́wọ́.

Níbí ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe wá lóore. Nígbà tí a bá ti ya àwòrán ìwé, tí ẹ̀rọ sì ti ka àwọn lẹ́tà rẹ̀, a lè wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé. A kò ní láti dúró de àtòjọ mọ́. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ tí a kọ sínú ìwé yóò rí ohun tí ó ń wá. Wàhálà wà nínú “bí ó bá mọ orúkọ” yẹn.

Ẹ mú Ìjàpá. Ìjàpá ni ní ibì kan, Àjàpá ni ní ibòmíràn. Àwọn kan ń pè é ní Ahun, àwọn kan sì ń pè é ní Alábahun. Ellis kọ ọ́ bí Awon, èyí tí ó dájú pé Ahun ni etí rẹ̀ ń gbìyànjú láti gbọ́. Àwọn tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé pè é ní Tortoise, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọdá òkun lọ sí Kúbà pẹ̀lú àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú, wọ́n sì ń pè é ní Jicotea ní èdè Sípéènì níbẹ̀. Lydia Cabrera, ẹni tí ìwé àlọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní èdè Faransé ní 1936 kí ó tó jáde ní Sípéènì ní Havana ní 1940, tẹ ìwé kan jáde ní Miami ní 1971 tí ó kún fún ìtàn Jicotea. Ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣáájú àkọlé ìwé náà ni Ayapá. A kò nílò ògbufọ̀ fún èyí. Àjàpá ni, tí ahọ́n àwọn Lùkùmí sọ di Ayapá. Àwọn ìwé Cabrera wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Miami, a sì lè rí apá kan wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò tẹ Ayapá tàbí Awon nígbà tí ó bá ń wá Ìjàpá? Bí a ti mọ ìwà ọkọ Yánníbo sí, inú rẹ̀ yóò dùn gan-an pé òun ní orúkọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi lè tẹ òun.

Àmì ohùn tún dá kún un. Ẹ̀rọ tí ń ka ìwé àtijọ́ kì í sábà rí àmì abẹ́ lẹ́tà, kì í sì í rí àmì orí rẹ̀. “Àlọ́” di “alo”, “alo” sì lè jẹ́ àlọ tí ó ní àbọ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Bùràsíìlì fi ń kí ara wọn lórí tẹlifóònù. Àkọlé ìwé Babalọlá gan-an, tí òun fúnra rẹ̀ fi gbogbo àmì sí, máa ń bọ́ sínú àtòjọ láìní aṣọ kan lára. Àwọn ìwé tí a tẹ̀ kí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tó jókòó ní 1966 tún ní àkọtọ́ tiwọn, tí a fi ń kọ “aiye” àti “enia”. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ayé ni aiye.

Kì í ṣe pé àwọn olùtọ́jú ìwé kò ní oògùn àrùn yìí. Wọ́n ní in. Bí òǹkọ̀wé kan bá ní orúkọ mẹ́ta, wọ́n máa ń yan ọ̀kan ṣe olórí, wọn a sì so ìyókù mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé ibi yòówù tí ènìyàn bá gbà wọlé, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni yóò dé. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún òǹkọ̀wé ni ó yẹ kí a ṣe fún Ìjàpá, fún Yánníbo, fún ìwin àti fún Olúrónbí. Kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe é bí kò ṣe ẹni tí ó mọ̀ pé Awon àti Ayapá, ẹni kan náà ni wọ́n.

Àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti rí ìṣòro orúkọ yìí tipẹ́, wọ́n sì wá ojútùú gba ọ̀nà mìíràn. Antti Aarne, ọmọ Finland, ṣe àtòjọ irú ìtàn ní 1910, ó fún ìtàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Stith Thompson, ará Amẹ́ríkà, fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1928 àti ní 1961, Hans-Jörg Uther sì tún un ṣe ní 2004. Thompson kan náà ni ó to àwọn fọ́nrán ìtàn, ìyẹn àwọn ẹyọ ìṣẹ̀lẹ̀ kéékèèké tí a fi ń hun ìtàn, sínú ìwé ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1932. Nínú ìwé yìí, ìdí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi sán ní nọ́ńbà tirẹ̀, A2312.1. Àwọn kan lo ètò náà fún Áfíríkà: May Augusta Klipple ní 1938, Kenneth Clarke fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1958, àti ọmọ Yorùbá kan, E. Ojo Arewa, tí ó lò ó ní 1966 fún ìtàn àwọn darandaran Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ọmọ Yorùbá to ìtàn àwọn ẹlòmíràn jọ nígbà tí ti ilé rẹ̀ ṣì fọ́n ká.

A kò gbọ́dọ̀ fojú di ètò nọ́ńbà yìí. Ẹ wo àlọ́ kan nínú ìwé Ellis. Ọmọbìnrin kan ń ta epo pupa lọ́jà. Ìwin kan wá ra epo lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ka owó, owó ẹyọ kan dín. Ó ní àfi dandan kí ìwin san án. Ìwin kò ní in lọ́wọ́, ọmọ náà bá tẹ̀ lé e. Wọ́n ń lọ, ìwin ń fi orin lé e padà, ọmọ náà ń fi orin dáhùn pé òun kò níí padà, títí wọ́n fi dé ìlú àwọn òkú. Ọmọ náà ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, ó sì mú ọrọ̀ wálé. Ọmọ mìíràn nínú ilé náà rí i, ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ó sì fi orí gún àgbákò. Nínú àtòjọ Aarne àti Thompson, nọ́ńbà 480 ni èyí, ọmọ rere àti ọmọ búburú. Lábẹ́ nọ́ńbà kan náà ni a ti bá ìtàn Frau Holle pàdé, èyí tí àwọn arákùnrin Grimm tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1812. Ó dára kí a mọ èyí. Láìsí nọ́ńbà náà, ìtàn méjèèjì kì bá tí mọ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà kò rí ni ohun tí ó mú àlọ́ náà jẹ́ ti Yorùbá. Ní ti Grimm, kẹ̀kẹ́ òwú ni ó bọ́ sínú kànga, ọmọ sì bẹ́ tẹ̀ lé e. Ní tiwa, gbèsè ni. Ọmọ ọlọ́jà kò jẹ́ kí owó ẹyọ kan lọ nínú owó ọjà, kódà bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ kì í bá ṣe ènìyàn. Ìwà ọjà ni gbogbo àlọ́ náà dúró lé: ẹni tí ó bá di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú, tí ó sì mọ bí a ti ń ṣe ní ilé onílé, ni yóò jèrè. Ọmọ kejì kò ní gbèsè kankan láti gbà. Ojúkòkòrò ni ó gbé e lọ. Bí a bá sọ pé “ọmọ rere àti ọmọ búburú” ni kókó àlọ́ náà, a ti sọ ohun tí ó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n a ti gba owó ẹyọ náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ, àlọ́ kò sì ní ìdí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Orin inú àlọ́ yẹn ni ó gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká wa lára jù. Ellis gbìyànjú, ó fi orin náà sínú ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ orin náà ní Yorùbá ti sọnù, ohùn rẹ̀ ti sọnù, a kò sì mọ ohun tí àwọn ọmọ fi ń gbè é. Lójú ẹni tí ó ń wá ìtumọ̀ nìkan, ègbè ni ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣeé jù nù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ègbè kò ní ìtumọ̀ tí a lè tú. Bẹ́ẹ̀ ègbè ni Yorùbá fi ń to àlọ́ sínú ọpọlọ. Àlọ́ kì í ní àkọlé. Bí ọmọdé bá fẹ́ kí ìyá àgbà tún pa èyí tí ó pa lánàá, kì í sọ pé kí ó pa àlọ́ Ìjàpá tí ó jẹ àsèjẹ aya rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ fi wú. Èyí tí a ń gbe “alugbinrin” ni yóò ní kí ó pa. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ilé ti mọ èyí tí ó ń sọ. Ohun tí a ń pè ní nọ́ńbà ní Amẹ́ríkà, àwọn ìyá wa ti ní tiwọn, ó sì ní ohùn.

Èrò wa ni pé ègbè wúlò fún àtòjọ ju ìṣẹ̀lẹ̀ inú àlọ́ lọ, a sì ní ìdí. Ìṣẹ̀lẹ̀ wà lẹ́nu ẹnì kan, òun ni apàlọ́. Ó lè fi kún un, ó lè gé e kúrú bí oorun bá ti ń kun àwọn ọmọ. Ní ìlú kan, babaláwo kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kó má tọ́ àsèjẹ wò. Ní ìlú mìíràn, ó ṣubú lójú ọ̀nà, ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, ó sì lá a. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó jókòó ni ó ni ègbè. Ẹnu wọn pọ̀, etí wọn sì pọ̀. Ẹni tí ó bá yí i padà, wọn yóò dá a lóhùn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ń gbè é. Nítorí náà ègbè máa ń dúró níbi tí ìtàn bá ti rìn. A mọ̀ pé ègbè kan lè wà nínú àlọ́ méjì, a sì mọ̀ pé àlọ́ kan wà tí kò ní orin rárá. Àwọn wọ̀nyí yóò fẹ́ ètò tiwọn. Wọn kò ba ohun tí a sọ jẹ́.

Ọ̀ràn apàlọ́ ló kù, òun ni ó sì dunni jù. Ellis mọ̀ pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni àlọ́ pípa. Ó kọ orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, akpalo kpatita, èyí tí a lè kọ lónìí bí apàlọ́ pa-títà, ẹni tí ó ń fi àlọ́ ṣòwò. Ó kọ orúkọ iṣẹ́, kò kọ orúkọ ènìyàn kankan. A kò mọ ẹni tí ó pa àlọ́ ọmọ elépo fún un, a kò mọ ìlú rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwọn Walker ṣe dáadáa jù ú lọ ní 1961: wọ́n kọ ọ́ síwájú ìwé wọn pé Olawale Idewu àti Omotayo Adu ni ó pa àwọn àlọ́ náà fún àwọn. Síbẹ̀, lábẹ́ orúkọ Walker ni a ti ń wá ìwé yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ayé ìgbà yẹn ṣe rí, pé kò sí ẹni tí ó ń kọ orúkọ apàlọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1870 ni Wilhelm Bleek, ọmọ Jámánì, àti Lucy Lloyd, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ti ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn |Xam. Ẹlẹ́wọ̀n ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó sọ ìtàn náà fún wọn. Wọ́n kọ nǹkan bí 12,000 ojú ewé, èdè |Xam ní apá kan, Gẹ̀ẹ́sì ní apá kejì, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀: ||Kabbo, Diä!kwain, |Han≠kass'o. Ní 1997, àjọ UNESCO kọ àwọn ìwé náà mọ́ àwọn ohun ìrántí gbogbo ayé. Yunifásítì Cape Town sì ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn fi lè tẹ orúkọ ||Kabbo kí ó sì rí gbogbo ohun tí ||Kabbo sọ. Kò sí ẹni tí ó ń sọ èdè |Xam mọ́ lónìí. Ara àmì orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀ ti ṣẹ́kù láti 2000. Èdè náà kú, orúkọ àwọn tí ó fi í sọ ìtàn kò kú. Èdè tiwa wà láàyè, àìmọye ènìyàn ni ó ń sọ ọ́, apàlọ́ wa ni kò ní orúkọ.

Àwọn kan yóò ní àlọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, pé ogún gbogbo ìlú ni, nítorí náà kí ni a fẹ́ fi orúkọ apàlọ́ ṣe? A ti gbọ́ èyí púpọ̀, pàápàá lẹ́nu àwọn tí ó ti fi àlọ́ ẹlòmíràn kọ̀wé. Òótọ́ ni pé egungun àlọ́ jẹ́ ti gbogbo wa. Bí a ṣe pa á ní alẹ́ ọjọ́ kan, níwájú àwọn kan, jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí Deirdre La Pin, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Wisconsin ní 1977, fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ka orí ọnà àlọ́ pípa fúnra rẹ̀. A kì í sọ pé ìjálá jẹ́ ti gbogbo ọdẹ kí a wá gbàgbé orúkọ ẹni tí ó sun ún. Bí ó bá jẹ́ pé torí àwọn ìyá àgbà ló máa ń pa àlọ́, tí àwọn ọmọdé sì ń gbọ́ ọ, ni a kò ṣe bìkítà fún orúkọ wọn, kí a sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a nílò nísinsìnyí ni àtòjọ tiwa, tí yóò jókòó lé orí ti àwọn ilé-ìkàwé náà láìba tiwọn jẹ́. Àlọ́ ni kí ó máa kà, kì í ṣe ìwé. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní orúkọ apàlọ́ bí a bá mọ̀ ọ́n, ìlú rẹ̀ àti ẹ̀ka-èdè rẹ̀, ọdún tí a gbà á sílẹ̀, ègbè rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì, àwọn orúkọ mìíràn tí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ń jẹ́, àti nọ́ńbà Aarne àti Thompson fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ó yẹ kí ó sọ bóyá ọ̀sán ni a pa á tàbí alẹ́, nítorí pé èèwọ̀ ni àlọ́ ọ̀sán, ẹni tí a bá sì ní kí ó pa àlọ́ lọ́sàn-án gangan níwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lè yára parí rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ohun wọ̀nyí wà tẹ́lẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa. Àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí abúlé, wọ́n kọ orúkọ ìyá àgbà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti orin rẹ̀. Inú àpótí ni èyí tí ó pọ̀ nínú wọn wà, níbi tí ikán ti ń kà wọ́n ṣáájú wa.

Ìdíwọ́ kan tún wà tí kì í ṣe ti ikán. HathiTrust, àjọ àwọn ilé-ìkàwé tí ó ti ń to ìwé sórí ẹ̀rọ láti 2008, ní àwọn ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wà ní Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí ó tì fún ẹni tí ó bá wà níta rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni ó fà á, a kò sì lè ní kí wọ́n rú òfin. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí a má ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó wà nínú ìwé. Bí inú ìwé bá tì, àtòjọ wa lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àlọ́ báyìí wà níbẹ̀, pé Ìjàpá ni a pè ní Awon nínú rẹ̀, àti ojú ewé tí ó wà.

Ìwé Ellis àti ti Ogumefu ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí pé wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, wọn kò sì tóbi jù. Kí a fún àlọ́ kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Babalọlá, kí a sì wo èyí tí ó bára mu. Ní ti àlọ́ ọmọ elépo, ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gbè é ní ìlú tirẹ̀, kí ó kọ orin náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àti ìlú onítọ̀hún, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí. Àyè rẹ̀ ti ṣófo láti 1894.